Ẹni Tó Ń Tẹ́tí sí Iná

Bí ẹ bá ń wá ẹni tí wọ́n ń sanwó oṣù fún láti pa iná, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú lọ sọ́dọ̀ àwọn panápaná. Ìgbà tí ilé bá ti jó kanlẹ̀ tán ni àwọn yẹn máa ń dé. Ẹ kọjá sí ilé iṣẹ́ ìwádìí tó wà létí odò Sabarmati, lẹ́yìn ìlú Gandhinagar, kẹ́ ẹ béèrè Odhavjibhai. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti fi ń pa iná níbẹ̀. Iná ọ̀hún kì í sì í ṣe iná ààrò o: ó gbóná ju àárín gbùngbùn oòrùn lọ. Yìnyín ló fi ń pa á.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Òrùka irin kan ló wà nínú gbọ̀ngàn ńlá níbẹ̀, ó ga tó ilé, inú rẹ̀ sì ṣófo bí inú táyà. Inú òfìfo yẹn ni àwọn onímọ̀ ń dá iná sí. Kò sí ìkòkò tó lè gba irú iná bẹ́ẹ̀ dúró, nítorí náà òòfà ni wọ́n fi ń há a mọ́ àárín kó má fara kan ògiri. Ìrètí wọn ni pé lọ́jọ́ kan, irú iná yìí ni gbogbo ayé yóò máa fi tan gílóòbù, tí wọn yóò fi máa se ọbẹ̀. Ọjọ́ náà ò tíì dé. Wàhálà rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé. Iná inú òrùka kì í kú bí iná igi, kì í jó rẹ̀yìn, kì í ṣẹ́ èédú kù. Ṣe ló máa ń já. Kí ojú tó ṣẹ́, yóò ti kó gbogbo ooru ara rẹ̀ lu ojú kan ṣoṣo lára ògiri, irin yóò yọ́ bí òrí, òrùka yóò sì mì jìgìjìgì títí kan ìpìlẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n á fi tún un ṣe.

Kí èyí má baà ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ṣe gba Odhavjibhai. Ó ní ọ̀pá kan bí ìbọn tó kọjú sínú òrùka náà, inú rẹ̀ ni gáàsì ti ń dì di yìnyín tó tó orí àtàńpàkò. Bí iná bá fẹ́ já, ó gbọ́dọ̀ yin yìnyín yẹn sí i kó tó já. Yìnyín á fọ́ yángá, á fọ́n káàkiri inú iná, iná á sì tú gbogbo ooru rẹ̀ dànù gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀, díẹ̀ síhìn-ín, díẹ̀ sọ́hùn-ún, lára gbogbo ògiri pátá. Á kú, ṣùgbọ́n kò ní ṣe ẹnikẹ́ni léṣe.

"Kò sí ohun tí ò ní kú," Odhavjibhai máa ń wí. "Kó ṣáà ti dágbére ká tó gbọ́ òkú ẹ̀."

Ibi tí iṣẹ́ náà ti le nìyí: bó bá yìn ín pẹ́, ògiri ti jó. Bó bá yìn ín kíákíá jù, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ pa iná tí ara rẹ̀ dá, àwọn onímọ̀ á sì fi ojú pa òun náà. Báwo ló ṣe wá ń mọ àkókò? Etí ni. Okùn wáyà kan tó yí òrùka ká máa ń gbọ́ bí iná ṣe ń gbọ̀n, ẹnìkan sì ti so wáyà náà mọ́ sìpíkà àtijọ́ kan tí wọ́n yọ nínú ilé sinimá. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń wo ojú kọ̀ǹpútà, Odhavjibhai ń tẹ́tí. Bí ara iná bá dá, á máa kọrin wẹ́ẹ́rẹ́. Bí àìsàn bá wọ̀ ọ́, nǹkan kan á hù nínú rẹ̀ bí kókó, kókó náà á máa bá iná yí po, ohùn iná á sì há, á máa pariwo bí ọlọ tí wọ́n ń lọ òkúta nínú ẹ̀. Gbogbo àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló máa ń sá fún ariwo yẹn.

"Ẹ jókòó jàre!" Odhavjibhai á kígbe mọ́ wọn. "Ariwo kì í pa èèyàn. Ohun tó ń yí ló ń pariwo, bó bá sì ń yí, kò ráyè di ibì kankan mú. Ẹ dúró dìgbà tí ohùn ẹ̀ bá ń wálẹ̀, tó ń wálẹ̀, tó wá dákẹ́. Ìgbà yẹn lẹ máa rí àwọn òmùgọ̀ tí wọ́n á ní, 'Ọpẹ́ o, ara ẹ̀ ti balẹ̀.' Ara ta ló balẹ̀? Agbára ẹ̀ ló tán! Ó ti dúró gbagidi sójú kan. Ẹ má tíì mí sí i, á ti já!"

Ọkùnrin tó mọ gbogbo èyí, ẹ wá wò ó nílé ara rẹ̀.

Rambhaben lorúkọ ìyàwó rẹ̀. Bó bá ṣe pé ẹnu jẹ́ iṣẹ́ ìjọba ni, Rambhaben ì bá ti di ọ̀gá àgbà, ì bá ti máa gun ọkọ̀ tó ní àsíá níwájú. Ojúmọ́ kì í mọ́ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ bá Gelabhai oníwàrà jà. Gelabhai á gbé agolo wàrà sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù rẹ̀, Rambhaben á bẹjú wò ó, á sì gbé ohùn sókè kí gbogbo àdúgbò lè jàǹfààní:

"Gelabhai! Ṣé màlúù lo fún àbí ẹ̀rọ omi ìjọba? Bí ẹja bá jábọ́ sínú wàrà yìí, á yè, á bímọ, á kọ́lé!"

"Ba, ìyá wa, màlúù mi ń gbọ́ o, ẹ má bà á lọ́kàn jẹ́."

"Kó gbọ́! Sọ fún un pé kó yéé mu omi odò kó tó wá síbi iṣẹ́!"

Lẹ́yìn Gelabhai, ó kan Kankuben, opó tí ilé wọn so pọ̀, tí òrùlé pẹrẹsẹ méjèèjì sì jẹ́ ọ̀kan náà. Orí òrùlé yẹn ni àwọn méjèèjì ti ń sá pápàdì wọn, ìyẹ̀fun ẹ̀wà tí wọ́n tẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti dín jẹ, sóòrùn, pẹ̀lú ẹfun tí wọ́n fi fa ìlà sí àárín. Ọdún méjìlélógún ni wọ́n ti ń jà lórí ìlà yẹn. Bí pápàdì Kankuben kan bá fi ìwọ̀n ìka kọjá ìlà, àfi bíi pé ọmọ ogun Pakistan ló wọlé. Lẹ́yìn Kankuben, ó kan màlúù tó ń jẹ òdòdó ẹnu ọ̀nà. Bí kò bá wá sí ẹnikẹ́ni mọ́ láti bá jà, Rambhaben á jókòó sórí àga jáńgílófà tó so rọ̀ ní pálọ̀, á máa fi ẹsẹ̀ ti ara rẹ̀, ìkọ́ irin á máa ké krìì-krọ̀ọ̀, krìì-krọ̀ọ̀, òun náà á máa fi ẹnu tẹ̀ lé e, á dojú kọ ọkọ.

Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni, kò pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ yí iná ìgbéyàwó ká. "Ṣé ẹ ń gbọ́?" lorúkọ tó fún un. Ṣé ẹ ń gbọ́, iyọ̀ ti tán. Ṣé ẹ ń gbọ́, Párúl ọmọ wa pè láti Surat. Ṣé ẹ ń gbọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ yẹn kúrò lórí ìrọ̀rí mi. Ogójì ọdún.

Ṣé ó ń gbọ́? Òwú ló ń dì sétí. Ó ra páálí òwú kan tó fi pamọ́ sẹ́yìn àwòrán òrìṣà, bó bá ti ń wọlé láti ibi iṣẹ́ ni yóò ti já méjì, á dì í, á jókòó, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni mímọ́. "Etí yìí ni mo fi ń jẹun," ló máa ń wí fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Mi ò lè jẹ́ kí Ìyá Párúl lò ó gbó."

Ní ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kejì, Rambhaben di àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú níbi tó ti ń ro ìyẹ̀fun.

"Ṣé ẹ ń gbọ́? Nǹkan ń fún mi láyà. Ó ń gun eyín mi."

Ọkọ yọ òwú kan. "Kí lo jẹ lánàá?"

"Ẹ̀wà."

"Gáàsì nìyẹn."

Lágbègbè yẹn, kò sí ohun tí wọn kì í pè ní gáàsì. Orí fọ́ni, gáàsì ni. Inú bíni, gáàsì ni. Rambhaben náà gbà pé gáàsì ni, ó po iyọ̀ dúdú mọ́ omi gbígbóná, ó mu ún, ó nu òógùn ojú, ó sì padà sídìí ìyẹ̀fun.

Ní ọjọ́ Ajé, Gelabhai gbé wàrà dé. Rambhaben gbà á, ó ní, "Ó dáa." Gelabhai dúró. Ó gbọ́ ohun tó gbọ́, kò sì gbà á gbọ́. Ó tún dúró díẹ̀ sí i, ó wo agolo rẹ̀, ó wo ilẹ̀kùn tí wọ́n ti tì, ó sì gun alùpùpù rẹ̀ lọ bí ẹni tí wọ́n jà lólè.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, odindi ìlà pápàdì Kankuben méje sọdá ẹfun. Rambhaben gòkè, ó rí i, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró sinmi lẹ́ẹ̀mejì lórí àtẹ̀gùn.

Ní Ọjọ́rú, jáńgílófà ò ké krìì-krọ̀ọ̀ mọ́, krìì lásán ló kù, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó gbé oúnjẹ síwájú ọkọ, ó jókòó, kò sì béèrè bóyá ó ń gbọ́.

Odhavjibhai yọ òwú etí ọ̀tún. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó yọ ti òsì. Ó gbọ́ omi tó ń kán nínú ilé ìdáná, tó, tó, tó. Ọdún mélòó ló ti wà nínú ilé yẹn tí kò mọ̀ pé ẹ̀rọ omi wọn ń jò! Inú rẹ̀ dùn dé ìtẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀. Ó bojú wo ìyàwó rẹ̀, ó rí i tó jókòó jẹ́ẹ́, ọwọ́ lórí itan, ó sì wí nínú ara rẹ̀ pé: àgbà ti kan Ìyá Párúl. Ara rẹ̀ ti balẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó yà ní tẹ́ḿpìlì òrìṣà Hanuman, ó fọ́ àgbọn kan fún ọpẹ́. Ó tún ra jàlébì gbígbóná, àkàrà dídùn tí wọ́n rì sínú omi ṣúgà, kílò méjì, ó gbé e lọ síbi iṣẹ́.

"Kaka, jàlébì tàárọ̀!" Vaidehi ló sọ bẹ́ẹ̀, dókítà onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tí ń pe Odhavjibhai ní Kaka bí ẹni ń pe àbúrò bàbá rẹ̀, àwọn méjèèjì ló jọ ń ṣọ́ ìbọn yìnyín. "Ṣé Párúl ti bímọ ni?"

"Ó ju ìyẹn lọ. Ìyá Párúl ti dákẹ́."

"Ẹ̀n-ẹ́n? Kí lẹ fún un mu?"

"Hanuman ló gbọ́ àdúrà mi. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko, kò bá oníwàrà jà, kò bá màlúù jà. Kankuben gan-an, tó sá pápàdì gba orí òrùlé wa, kò bú u!"

Buch-saheb, ọ̀gá wọn, ti bu jàlébì kẹta sẹ́nu. "Odhavjibhai, ẹ bá mi gba nọ́ńbà fóònù Hanuman yẹn. Tèmi náà wà nílé."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Odhavjibhai rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ, omi ṣúgà ń kán sílẹ̀ láti ìka rẹ̀.

Ọjọ́ ńlá lọjọ́ náà. Àlejò mẹ́ta ti Delhi wá, wọ́n fẹ́ rí i kí iná gbé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, èyí tí kò gbé rí. Vaidehi náà ti kọ ètò kan sínú kọ̀ǹpútà tí yóò máa mọ̀ bí iná bá fẹ́ já, tí yóò sì máa yin yìnyín fúnra rẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ mọ̀, ètò àbí etí.

"Kaka, bí ètò mi bá jẹ, ẹ máa fẹ̀yìn tì, kẹ́ ẹ lọ máa gbádùn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nílé."

"Bí etí mi bá jẹ ńkọ́?"

"Ẹ tún máa ra jàlébì."

"Ọmọ yìí, ọ̀nà méjèèjì ni o ti ń jẹ!"

Wọ́n dá iná náà. Ó kọrin wẹ́ẹ́rẹ́. Ó di ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, ohùn rẹ̀ há, ariwo ọlọ bẹ̀rẹ̀, àwọn àlejò fi ìka di etí. Ọ̀kan nínú wọn, tó wọ kóòtù, rọra ń rìn sẹ́yìn lọ sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ padà wá, ọ̀gá," Odhavjibhai wí láìyí ojú. "Ó ń yí. Kò séwu."

Ó di mẹ́tàdínlógún. Ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, bíi lọ́rì tó ń gun òkè tí ẹrù rẹ̀ pọ̀ jù. Grùùù. Grùù. Grù. Ó dákẹ́. Ọlọ́kóòtù mí kanlẹ̀, ó ní, "Ọpẹ́ o, ó ti balẹ̀," ó sì pàtẹ́wọ́. Ojú kọ̀ǹpútà Vaidehi tutù bí ewé, kò sí ewu kankan níbẹ̀. Odhavjibhai na ọwọ́ oníṣúgà, ó sì tẹ bọ́tìnì.

Ìmọ́lẹ̀ funfun gba ojú gbogbo. Iná kú.

"Odhavjibhai!" Buch-saheb fò sókè. "Kí lẹ ṣe yìí? Ẹ ti pa iná mi! Níwájú àlejò!"

"Iná yín ti kú kí n tó pa á, saheb."

"Ara ẹ̀ dá ṣáká!"

"Ẹ bi ọmọ yẹn."

Vaidehi ti tẹrí ba sórí ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ, irun rẹ̀ bo ojú. Gbogbo ènìyàn dúró dè é. Ó pẹ́ kó tó gbójú sókè, ojú náà sì ti yí padà. "Kaka ló tọ̀nà. Ètò mi ì bá tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ògiri bá ti ń yọ́. Kaka ti gba òrùka yìí là."

Àtẹ́wọ́ wá dún. Buch-saheb dì mọ́ ẹni tó ń bú ní ẹ̀ẹ̀kan. Ọlọ́kóòtù bi í pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Ibi tí Odhavjibhai ti fẹ́ràn láti dé nìyẹn. Ó mú jàlébì kan lọ́wọ́ bí ọ̀pá àṣẹ, ó na ẹ̀yìn gbọnrangandan.

"Kò sí àdììtú níbẹ̀. Èyí tó bá ń pariwo, ẹ fi sílẹ̀, ó ṣì lágbára ni. Ìgbà tí ohùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra. Lónìí á pariwo díẹ̀, lọ́la á dín, lọ́túnla kò ní sọ nǹkan kan mọ́. Òmùgọ̀ á wá jókòó tì í, á ní ara ẹ̀ ti balẹ̀. Á tiẹ̀ máa dúpẹ́! Kò mọ̀ pé agbára ẹ̀ ló tán, pé ó ti dúró gbagidi sójú kan, pé ó fẹ́..."

Kò parí rẹ̀.

Wọ́n rò pé ó ń mí sínú ni. Ọlọ́kóòtù ṣì ń mi orí. Jàlébì jábọ́ lọ́wọ́ Odhavjibhai. Ó wo sìpíkà tó dákẹ́ lára ògiri.

"Vaidehi. Sìkútà rẹ dà?"

"Ó wà níta, Kaka. Kí ló dé?"

Ó ti ń sáré.

Vaidehi ló wa sìkútà, Odhavjibhai jókòó sẹ́yìn, ọwọ́ oníṣúgà lẹ̀ mọ́ èjìká ọmọ náà. Àgùntàn tó tó igba gba títì mọ́ wọn lójú lẹ́nu afárá. Odhavjibhai sọ̀ kalẹ̀ láàárín wọn, ó ń pa àṣẹ fún wọn, ó ń bẹ̀ wọ́n, ó pe àgbò kan ní "bhai", arákùnrin mi.

Nígbà tí wọ́n yà sí àdúgbò, ó gbọ́ ọ. Ohùn obìnrin, lókè téńté, láti inú ilé rẹ̀, ń bú ènìyàn bí ẹni pé ọjọ́ ìkẹyìn ayé dé! Èébú ń jáde láti ojú fèrèsé, wọ́n ń to ara wọn lé orí ara wọn. Odhavjibhai jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ara rẹ̀ wìì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Ṣé o gbọ́? Vaidehi, ṣé o gbọ́ ìyá rẹ? Ó ń jà! Hanuman, mo gba àgbọn mi padà! Kó máa jà! Kó jà dọ̀la!"

Vaidehi náà ti ń rẹ́rìn-ín. Ohùn inú ilé wá gòkè sí i:

"Rambha! Mo ní o ya ahun! Mo ní pápàdì rẹ le bí awọ bàtà! Dá mi lóhùn! Rambha, mo bẹ̀ ọ́, bú mi! Bú mi báyìí!"

Kankuben ni.

Nínú pálọ̀, jáńgílófà dúró. Rambhaben jókòó lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, òógùn ti mú aṣọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára, ojú rẹ̀ ti rí bí eérú tí òjò pa. Ó ń mí, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀. Kankuben kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì ń sunkún bí ó ti ń bú u. Bó ṣe rí Odhavjibhai, ó yíjú èébú sí i.

"Ibo lẹ wà? Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti ń sá pápàdì sí apá ọ̀dọ̀ ẹ̀ kó lè bú mi! Mo ti gba gbogbo òrùlé tán, kò bú mi! Èmi ọ̀tá ẹ̀ gbọ́ pé kò gbádùn! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń gbélé ńkọ́? Ẹ̀yin tí wọ́n ní ẹ lè gbọ́ iná láti inú irin, ẹ ò gbọ́ ni?"

Vaidehi ti ń fi fóònù pe ọkọ̀ aláìsàn.

Ọkọ̀ aláìsàn dé. Odhavjibhai jókòó ti ìyàwó rẹ̀ nínú ọkọ̀, ó sì gbé etí sún mọ́ ẹnu rẹ̀, etí tó fi ń jẹun. Wọ́n ti kọjá afárá kí ètè Rambhaben tó mì.

"Ṣé ẹ ń gbọ́?"

"Mò ń gbọ́, Ìyá Párúl. Mò ń gbọ́."

"Wàrà wà lórí iná."

"Kankuben ti sọ̀ ọ́."

Ojú rẹ̀ là. Nǹkan kan tàn níbẹ̀, kékeré, pupa, ohun tí ọkọ ti ń fi òwú sá fún láti ogójì ọdún. "Kankuben? Ó fọwọ́ kan ìkòkò mi?"

Ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Odhavjibhai dìde. "Ó fọwọ́ kàn án! Aṣọ ìnuwọ́ rẹ tuntun ló fi sọ̀ ọ́! Ó tún tọ́ ọ wò, ó ní o ò fi nǹkan kan sí i! Ìyá Párúl, ṣé o máa gbà? Sọ ọ̀rọ̀ sí i!"

Ètè Rambhaben fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹni tó ti rí èébú tó yẹ, tó ń wá bó ṣe máa to ó. Kò tò ó tán.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní ọjọ́ Àìkú ni ọkàn Rambhaben ti kọ́kọ́ kọ iṣẹ́, pé ó ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà náà. Bó bá ṣe pé wọ́n gbé e wá lọ́jọ́ Ajé ni, ó ṣeé ṣe kó yè. "Bàbá, ṣé ẹ ò rí àmì kankan ni?"

"Mo rí i," Odhavjibhai wí. "Mo fi ra jàlébì."

Párúl dé láti Surat. Wọ́n sun ìyá rẹ̀ létí odò kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ kejì. Baba tí ń pa iná ni ó fọwọ́ ara rẹ̀ ti iná bọ igi, ó sì dúró níbẹ̀ títí tó fi jó tán, nítorí iná yẹn ń ta pàrà-pàrà, ó ń sọ̀rọ̀, ìgbà tó dákẹ́ ló tó gbà kí wọ́n mú òun lọ sílé. Fún ọjọ́ mẹ́tàlá, fìtílà kan ní láti máa jó níwájú àwòrán òkú. Párúl ń wá òwú tí yóò fi ṣe òwú fìtílà. Baba rẹ̀ dìde, ó lọ sẹ́yìn àwòrán òrìṣà, ó sì gbé páálí òwú jáde. Ó ti lò ó dé ìdajì.

"Bàbá, kí lẹ ń fi òwú ṣe níbẹ̀?"

"Mú un," ni ó wí. "Lò ó tán."

Vaidehi wá kí i. Ó ní wọ́n ti kó gbogbo ohùn iná tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n jọ. Ó ní òun fẹ́ kí Kaka wá jókòó ti òun, kó máa fi ìka han òun níbi tí ohùn kọ̀ọ̀kan ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, kí kọ̀ǹpútà lè kọ́ ọ. Ohùn náà ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lọ.

"Mo máa wá," Odhavjibhai wí. "Ṣùgbọ́n kọ ọ́ síwájú ẹ̀rọ rẹ gàdàgbà, Vaidehi: ẹni tó bá mọ̀ ọ́n nínú irin lè má mọ̀ ọ́n lára èèyàn."

Párúl padà sílé ọkọ. Ní ọjọ́ kẹrìnlá, ní òwúrọ̀, alùpùpù dún níta. Odhavjibhai gbé ìkòkò jáde. Gelabhai bu wàrà fún un, ìwọ̀n ẹnìkan, kò sì lọ. Ó dúró, ó di agolo mú, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Fún ogún ọdún, àyàfi ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn yẹn, wọn kò sìn ín kúrò lẹ́nu ọ̀nà yẹn láìbú u rí.

Odhavjibhai bojú wo inú ìkòkò. Ó tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe.

"Gelabhai. Wàrà yìí... omi pọ̀ nínú ẹ̀."

Gelabhai mi orí pẹ̀lú ìbànújẹ́. "Rárá, Kaka. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni Ba ṣe ń sọ ọ́. Màlúù lẹ máa kọ́kọ́ bi mí."

"Ṣé màlúù lo... fún?"

"Àbí ẹ̀rọ omi ìjọba."

"Àbí ẹ̀rọ omi ìjọba. Bí ẹja bá jábọ́ sínú ẹ̀, á yè, á bímọ..."

Ó dúró. Ó ń wá èyí tó kù. Ogún ọdún ni wọ́n fi sọ ọ́ létí ilé rẹ̀ láràárọ̀, òwú sì wà létí rẹ̀.

"Á kọ́lé," Gelabhai rán an létí, jẹ́jẹ́.

"Á kọ́lé," Odhavjibhai wí, ohùn rẹ̀ sì já.

Láti orí òrùlé, níbi tí Kankuben ti ń tẹ́ pápàdì rẹ̀, tí kò jẹ́ kí ẹyọ kan kọjá ìlà ẹfun, tí apá kejì sì ṣófo gbalaja nínú oòrùn, ó bẹ orí sísàlẹ̀, ó fi igun aṣọ nu ojú, ó sì jágbe mọ́ wọn:

"Ẹ gbé ohùn sókè níbẹ̀ yẹn! A ò gbọ́!"